Géèmù Tí Wọ́n Fi Pamọ́ De Iléyá

Àwọn ọmọ-ọmọ mi kan wà tí wọ́n máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn pé ìyá àgbà àwọn ò ṣe iṣẹ́ gidi kankan láyé, pé géèmù ló ń tà. Ẹ wo àwọn aláìmoore! Owó géèmù yẹn náà ni mo fi rán bàbá wọn níléèwé tó fi di ẹni tí ń wọ táì. Mi ò bínú sí wọn ṣá. Ọmọdé ò moògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa fọwọ́ mú, tí wọ́n ń sọ fún yín pé owó wà nídìí géèmù, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi fún yín. Rísíkátù lorúkọ mi. Ní Takie, l'Ógbómọ̀ṣọ́, Ìyá Onígéèmù ni wọ́n ń pè mí láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú bí kóró iṣin. Ẹ má retí kí n kọ́ yín bí èèyàn ṣe ń dolówó. Ohun tí iṣẹ́ náà kọ́ mi ni pé nǹkan tuntun ní àkókò tirẹ̀, àti pé àwa èèyàn kì í sábà mọ àkókò ọ̀hún.

Bí mo ṣe dé ìdí rẹ̀ ò gùn rárá. Bàbá mi fẹ́ kí n kọ́ṣẹ́ télọ̀, mo kọ̀, torí èmi àti abẹ́rẹ́ ò rẹ́. Bàbá mi wá mọ ọkùnrin kan tó ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe nítòsí Ọjà Akẹ̀sán, l'Ọ́yọ̀ọ́. Múfútáù lorúkọ rẹ̀. Wọ́n mú mi lọ, wọ́n bẹ̀ ẹ́. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní òun ò gba obìnrin rí, ṣùgbọ́n bí mo bá lè panu mọ́, òun á gbà mí. Mi ò lè panu mọ́. Ó gbà mí náà.

Ọ̀gá mi le. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: Ọ̀gá mi le! Ẹni tó bá pẹ́ dé, ìta ló máa dúró títí wọ́n á fi kírun ọ̀sán. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, ìgbálẹ̀ nìkan ni mo ń bá ṣọ̀rẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ná. Irin tí a fi ń jó òjé mọ́ wáyà nígbà náà, inú ẹyín iná la ti ń mú un gbóná. Ọwọ́ mi tí ẹ ń wò yìí, àpá rẹ̀ ṣì wà lára ìka méjì. Nígbà tí Ọ̀gá wá ra irin oníná mànàmáná, ńṣe ló fi aṣọ wé e, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án àfi òun fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn tí Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀ nígbà náà, dé, tí gbogbo nǹkan gbówó lórí, àwọn èèyàn ò ra tẹlifíṣọ̀n tuntun mọ́, àlòkù ni wọ́n ń tún ṣe. Ìgbà yẹn náà, bí ẹní fi ṣẹ̀sín, ni géèmù wọ̀lú. Àwọn tó ti òkè òkun dé ló kọ́kọ́ ń kó o bọ̀, lẹ́yìn náà ni àwọn ará Èkó ń gbé e wá tà. Ẹ̀rọ kékeré kan ni, wọ́n á so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á ki kásẹ́ẹ̀tì kan bọ̀ ọ́ lórí, wọ́n á sì fi pádì ọwọ́ máa darí ọkùnrin inú rẹ̀. Gbogbo àwọn ọ̀dọ́ Ọ̀yọ́ ya wèrè. Ọ̀gá mi, tí kò fẹ́ràn eré rárá, rí i pé àwọn ẹ̀rọ náà ń bàjẹ́, ó sì ní, "Ohun tó bá ń bàjẹ́, iṣẹ́ wa ni." Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. A ń tún un ṣe, a ń tà á, a sì gbé ọ̀kan sílé ìtajà fún àwọn tí kò ní.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo rí kásẹ́ẹ̀tì tí kò ṣiṣẹ́, mo ṣe ohun tí gbogbo ayé ń ṣe, mo fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnu rẹ̀. Àfi gbàù lẹ́yìn ọwọ́!

"Rísí, ṣé ẹ̀kọ gbígbóná ni?"

"Rárá, Ọ̀gá."

"Kí lo wá ń fẹ́ ẹ fún? Itọ́ ẹnu rẹ lò ń dà sí i. Ó máa dípẹtà. Gbé sípírítì àti òwú."

Mo gbé e. Láti ọjọ́ náà títí mo fi ti ṣọ́ọ̀bù mi, mi ò fẹnu fẹ́ kásẹ́ẹ̀tì mọ́, ẹni tó bá sì fẹ́ ẹ níṣojú mi, àánú rẹ̀ ló ń ṣe mí.

Ohun kan tún wà tí Ọ̀gá ò fojú kékeré wò, ìyẹn ọ̀rá ara kásẹ́ẹ̀tì tuntun. Ọ̀rá fẹ́ẹ́rẹ́ kan máa ń bò ó, tó mọ́ gaara. Ọkùnrin kan máa ń kó kásẹ́ẹ̀tì wá fún wa láti Èkó. Lọ́jọ́ kan ó kó àwọn kan tí wọ́n ti lò rí dé, ó ní kí Ọ̀gá yá òun ní irin ìjóòjé, kí òun fi jó ọ̀rá mìíràn mọ́ wọn lára, pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ẹ̀rín ló ń rín nígbà tó ń sọ ọ́. Ọ̀gá gbé irin náà, ó fi aṣọ wé e, ó fi sábẹ́ àga tó jókòó lé.

"Oúnjẹ òdodo ni irin yìí ń wá fún mi," ló wí. "Kò ní jó irọ́. Ẹni tó bá fi ọ̀rá tuntun bo ohun tí wọ́n ti tú, olè ni. Kó ẹrù rẹ."

Ọkùnrin náà rò pé àwàdà ni. Ìgbà tí Ọ̀gá dìde ló tó mọ̀ pé kì í ṣàwàdà. Kò padà wá mọ́.

Ìdí tí ọ̀rá fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi wà. Ẹni bá ń ta géèmù gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí oníbàárà máa rà á àti ìgbà tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a. Ìgbà méjèèjì ò pa pọ̀ rárá. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé mọ́tò Èkó ò tíì dúró tán tí wọ́n á ti máa béèrè, "Kí ló dé? Kí ló dé?" Àwọn wọ̀nyẹn á ti já ọ̀rá náà kí wọ́n tó kọjá ẹnu ọ̀nà. Àwọn kan á ní kí ẹlòmíì kọ́kọ́ gbá a, kí wọ́n gbọ́ bóyá ó dùn. Wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa títí, wọ́n á máa wo ọwọ́ ọlọ́wọ́. Àwọn òbí ò ní rà á àfi bí ọmọ bá mú èsì ìdánwò tó dáa wálé, Ọ̀gá á sì ní kí n gbé méjì-mẹ́ta sẹ́yìn nítorí wọn bí ìdánwò bá ti kù dẹ̀dẹ̀.

Àmọ́ àwọn tó pọ̀ jù l'Ọ́yọ̀ọ́ ni àwọn tó ń rà á pamọ́ de Iléyá. Bí a ṣe ń rán aṣọ ọdún tí a kì í wọ̀ ṣáájú ọdún, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sọ géèmù dà. Wọ́n á rà á nígbà tí owó bá wà lọ́wọ́, wọ́n á gbé e sórí àpótí, wọ́n á máa wò ó. Lọ́jọ́ Iléyá, bí wọ́n bá ti pa àgbò tán, tí àwọn tó wà lẹ́yìn odi ti wọlé, ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn tó máa gbá a ló máa fa ọ̀rá náà ya. Ẹ ò lè mọ bí ìró yíya ọ̀rá náà ṣe máa ń rí létí wọn. Gbogbo wọn á hó yèè! Bí ẹnì kan bá ti tú u tẹ́lẹ̀, ọdún bàjẹ́ nìyẹn.

Nínú àwọn oníbàárà wa, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá tó Bùrọ̀dá Súlè. Igbá ló ń fín. Ẹ̀yìn ọjà ló ń gbé, kò jìnnà sí wa, ó sì fi ọdún bíi mélòó kan jù mí lọ. Ọwọ́ rẹ̀ yá bí nǹkan míì. Ọ̀bẹ rẹ̀ á máa rìn lára igbá, alángbá á jáde, ẹyẹ á jáde, kò sì ní ya ilà kankan kalẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ kan náà ló ń bá pádì wí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bùrọ̀dá Kàmọ́rù, ń ta páátì ọ̀kadà ní Takie, l'Ógbómọ̀ṣọ́, Iléyá ló sì sábà máa ń mú un wálé. Àdéhùn àwọn méjèèjì ni pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tú géèmù tuntun lẹ́yìn ẹnì kejì.

Géèmù tí wọ́n fẹ́ràn jù ni èyí tí àwa fúnra wa sọ lórúkọ ní Gorí-òkè, nítorí kò sẹ́ni tó lè pe orúkọ tí wọ́n kọ sí i lára. Ọkùnrin kúkúrú kan ló gbẹ́rù lẹ́yìn, tó ń gun òkè. Àpáta á máa yí bọ̀, àṣá á máa já wálẹ̀, òun á máa fò. Ilé kan wà lókè téńté, ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í ṣí. Nígbà Iléyá kan, Súlè àti Kàmọ́rù gbá a dé ẹnu ọ̀nà ilé náà, ilẹ̀kùn wá ṣí lóòótọ́, ni ojú tẹlifíṣọ̀n bá ṣókùnkùn. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ku apá kejì. Ariwo tí àwọn méjèèjì pa! Odidi ọdún kan ni Bùrọ̀dá Súlè fi ń bi mí, "Rísí, kí lo rò pé ó wà nínú ilé yẹn?" Mo ní ìyàwó ọkùnrin náà ni, ó ń dúró de ẹrù ọjà. Ó ní òpònú ni mí.

Nígbà tí apá kejì dé l'Ọ́yọ̀ọ́, Iléyá ṣì jìnnà. Súlè wá rà á. Ó gbé kásẹ́ẹ̀tì náà sún mọ́ ojú, ó gbé orí sọ́tùn-ún, ó gbé e sósì, bí adìẹ tó ń wo àgbàdo. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà rẹ́rìn-ín. Kò wá lọ. Ó dúró ti tábìlì Ọ̀gá.

"Ọ̀gá," ló wí, "ṣé ẹ ò rò pé kí n kàn tú u níbí báyìí?"

"Kàmọ́rù ńkọ́?"

"Ó wà l'Ógbómọ̀ṣọ́."

"Ó di ọdún nìyẹn. A kì í jẹ ẹran ọdún ṣáájú ọdún."

Gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, "Súlè ti fẹ́ dalẹ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ o!" Súlè náà rẹ́rìn-ín, ó fi géèmù sábẹ́ apá. Bó ṣe ń jáde ló ní, "Ọjọ́ ti ń lọ, ilẹ̀ ti ń ṣú." Mo wo ìta. Oòrùn ọ̀sán ló ń ràn, ó ń ta èèyàn lára. Mo rò pé àwàdà rẹ̀ náà ni.

Lóṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, igbá kan tó fín fún ìyàwó tuntun dé ọwọ́ ẹni tó ni ín, ilà ara rẹ̀ sì wọ́. Àwọn èèyàn ní Súlè ti ń sáré iṣẹ́ jù. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ojú rẹ̀ ń ti ẹ̀gbẹ́ kú lọ díẹ̀díẹ̀, pé ihò kékeré kan ló kù láàárín tó fi ń wo ayé. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Afíngbá tí ojú rẹ̀ ń ṣú, ta ló máa gbéṣẹ́ fún un?

Iléyá dé. Lẹ́yìn tí èmi àti Ọ̀gá ti jẹun nílé, a yà kí wọn.

"Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún!"

"Ẹ̀mí yín á ṣe púpọ̀ ẹ̀ láyé. Ẹ wọlé, ẹ̀yin la dúró dè," ìyá wọn ló dáhùn. Wọ́n ti gbé tẹlifíṣọ̀n sí pálọ̀, àwọn ará ilé ti kún ibẹ̀, òórùn ẹran díndín gba gbogbo ilé. Kàmọ́rù fa ọ̀rá ya, gbogbo ilé hó. Ó ki kásẹ́ẹ̀tì bọlé. Àwòrán yọ, ó mọ́ rekete: inú ilé orí òkè náà gan-an ni. Kàmọ́rù na pádì sí àbúrò rẹ̀, ó ní, "Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ gbá a, ìwọ lo ṣe sùúrù."

Súlè gba pádì. Kò tẹ nǹkan kan.

"Rísí, bá mi fi kún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀."

Mo yí i.

"Tún fi kún un."

Mo yí i dé òpin. Ojú tẹlifíṣọ̀n funfun báláú, àwa tí ojú wa dá ṣáká gan-an ò rí nǹkan kan mọ́. Súlè ń wo ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ìgbà náà ni ariwo ilé dákẹ́, ẹnì kan tẹ̀ lé ẹnì kejì, títí ó fi ku ìró orin géèmù nìkan.

"Bùrọ̀dá mi," Súlè wí jẹ́jẹ́, "kí ló wà nínú ilé náà?"

Kàmọ́rù na ọwọ́, ó pa tẹlifíṣọ̀n. Mo ti rí ọ̀pọ̀ nǹkan láyé, mo ti sin ọkọ, mo ti sin òbí. Síbẹ̀, pálọ̀ yẹn ni mo máa ń rántí jù.

Lẹ́yìn ọdún Iléyá náà, ìyá wọn wọ ṣọ́ọ̀bù wa wá, gèlè rẹ̀ ti tú sí ọrùn. "Múfútáù! Iná inú àpótí yín ló jẹ ọmọ mi lójú! Ẹ jókòó síbí, ẹ ń ta ohun tó ń fọ́ ọmọ ọlọ́mọ lójú!" Èmi tí mi ò lè panu mọ́, mo ti ń múra láti fèsì. Mo wẹ̀yìn, mo rí Ọ̀gá mi lórí ilẹ̀. Ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ìdọ̀tí wáyà àti òjé. Mi ò rí i kó dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Kò sọ pé iṣẹ́ wa kọ́ ló fà á. Ó kàn ní, "Ẹ má bínú, Ìyá. Ó ní kí òun tú u. Èmi ni mo ní ó di ọdún." Ìyá náà dúró, ó ń mí gúlegúle, ó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sì bú sẹ́kún. Ìgbà tó yá ló wá sọ ọ́ pé bí ojú bàbá wọn náà ṣe lọ nìyẹn. Ó ti ń bẹ̀rù rẹ̀ láti ìgbà tó ti bí wọn.

Kàmọ́rù mú àbúrò rẹ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń gbé e lọ sílé ìwòsàn. Dókítà ní èyí tó ti lọ ò ní padà, pé díẹ̀ tó kù ni àwọn lè máa ṣọ́, díẹ̀ náà ò sì pẹ́ tó fi tẹ̀ lé èyí tó lọ. Kó tó kúrò l'Ọ́yọ̀ọ́, Súlè fi géèmù náà ránṣẹ́ sí Ọ̀gá pé, "Ẹ bá mi tọ́jú ẹ." Ọ̀gá gbé e sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó tì í pa. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ tó ń sọ dínkù, òun tó jẹ́ pé kò kúkú ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí mo gba òmìnira, Ọ̀gá ṣàdúrà fún mi, ó fún mi ní irin ìjóòjé tiwa àtijọ́, èyí tí ẹyín iná ń mú gbóná, mo sì lọ Takie. Ṣọ́ọ̀bù tí mo rí háyà, ẹ̀gbẹ́ ti Kàmọ́rù gan-an ni. Àárọ̀ ni wọ́n máa ń mú Súlè wá, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi títí dìrọ̀lẹ́. Kì í sọ̀rọ̀. Inú mi kì í dùn bí mo bá rí ọwọ́ rẹ̀ tó yá yẹn lórí itan, tí kò ṣe nǹkan kan. Nígbà míì, mo máa ń jágbe mọ́ àwọn oníbàárà láìnídìí, torí mi ò mọ ẹni tí mo lè bínú sí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, fọkanáísà kan tó ń lẹ táyà ládùúgbò wa ń gbá Gorí-òkè àkọ́kọ́, ó ń kú, ó ń kú ṣáá, níbi tí àpáta ti máa ń yí bọ̀. Láti orí bẹ́ǹṣì, Súlè ní, "Fò!"

Ọkùnrin náà fò. Ó yè.

"Dúró. Àṣá ló ń bọ̀. Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀! Fò báyìí!"

Gbogbo wa yíjú sí i. Ó ní, "Kí lẹ ń wò mí fún? Gbogbo wọn ló ní ohùn. Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?" Mo gba pádì lọ́wọ́ fọkanáísà náà, mo fi í lé Súlè lọ́wọ́. Ó fi etí gun òkè náà dé ẹnu ilẹ̀kùn. Kàmọ́rù ti fi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sílẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wa pẹ̀lú epo dúdú lọ́wọ́, omi ń dà lójú rẹ̀. Mo fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí Ọ̀gá l'Ọ́yọ̀ọ́, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Kò fèsì.

Ẹ̀yin tó fẹ́ mọ bí iṣẹ́ náà ṣe yí padà, mo máa sáré sọ ọ́. Kásẹ́ẹ̀tì lọ, àwo pẹlẹbẹ dé, tí sípírítì ò ràn. Àwo náà tún lọ, géèmù wọnú fóònù, a ò rí ohun tí a máa dì mú mọ́. Ẹ̀yin ọmọ òní, orí bẹ́ẹ̀dì lẹ ti ń rà á, ẹ ti ń gbá a kí omi tí ẹ gbé kaná tó hó. Irin mi tutù, ojú èmi náà ò ríran rí wáyà tín-ín-rín mọ́, mo bá ti ilẹ̀kùn. Iṣẹ́ náà tọ́jú mi, mi ò ṣàròyé. Ṣùgbọ́n ibi tí mò ń bọ̀ nìyí.

Lẹ́yìn lẹ́tà mi, Ọ̀gá Múfútáù dé Takie fúnra rẹ̀. Kì í ṣe àsìkò ọdún kankan, ọjọ́ Ìṣẹ́gun lásán ni, kò sí àgbò, kò sí aṣọ tuntun. Ó gbé fìlà sọ́wọ́, òógùn bò ó. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ní, "Ṣé ò ń fẹnu fẹ́ kásẹ́ẹ̀tì?" Mo ní rárá. Ó ní kí n pe Kàmọ́rù. Lẹ́yìn náà ló jókòó ti Súlè lórí bẹ́ǹṣì, ó yọ nǹkan kan jáde nínú àpò agbádá rẹ̀, ó fi í lé e lọ́wọ́.

Apá kejì ni. Ọ̀rá wà lára rẹ̀, ó mọ́ gaara, ó nà pọ́nńran bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé. Mo sún mọ́ ọn. Mo rí ẹsẹ̀ ibi tí ọ̀rá náà ti lẹ̀ mọ́ra, ó lọ tín-ín-rín, ó gbóná jù lójú kan tó fi pọ́n, tó sì sún jọ díẹ̀. Ta ló máa fi iṣẹ́ irin yẹn hàn mí? Abẹ́ Ọ̀gá ni mo ti kọ́ṣẹ́, òun tó ní irin òun ò ní jó irọ́. Èmi tí mi ò lè panu mọ́, mo panu mọ́.

"Tú u, Súlè," Ọ̀gá wí. "Ọdún ti dé."

Súlè fi àtàǹpàkò tọ ojú ibi tí ọ̀rá ti lẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bó ṣe máa ń fọwọ́ tọ ara igbá kó tó ki ọ̀bẹ bọ̀ ọ́. Níbi tó ti sún jọ yẹn, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Mo mọ̀ pé ó ti mọ̀.

"Ọ̀gá," ló wí, "ẹ ṣeun."

"Tú u jàre, kí wọ́n tó mú iná lọ."

Ó nà án sí Kàmọ́rù pé òun ni ẹ̀gbọ́n. Kàmọ́rù dá a padà sí i lọ́wọ́. Súlè fà á ya. Àwa tó wà níbẹ̀ ò ju márùn-ún lọ, ṣùgbọ́n a hó, a hó tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará Takie sáré wá wò bóyá iná ló ń jó. Mo ki kásẹ́ẹ̀tì bọlé. Súlè mú pádì, Kàmọ́rù jókòó tì í, ó gbé ẹnu sún mọ́ etí rẹ̀.

"Bùrọ̀dá mi, kí ló wà nínú ilé náà?"

Kàmọ́rù wo ojú tẹlifíṣọ̀n dáadáa kó tó dáhùn. "Àtẹ̀gùn kan ni. Ó gba ẹ̀yìn ilé jáde. Òkè mìíràn ló wà níbẹ̀, Súlè, ó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ."

Súlè rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ àtijọ́. "Mo ti fura," ló wí. "Níbo ni àpáta ti ń bọ̀?"

Láti ọjọ́ náà títí mo fi ti ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó ra géèmù lọ́wọ́ mi tí mi ò ní bi pé, "Ìgbà wo lo fẹ́ tú u?" Bí ó bá ní lónìí, mo máa ń kí i kó lọ re. Bí ó bá ní ó di ọdún, mo máa ń fa bẹ́ǹṣì síwájú, mo máa ń tan tẹlifíṣọ̀n, mo sì máa ń ní kó jókòó, kó tú u báyìí.